Òjò ásíìdì ni àbí ilẹ̀ ló ń kan? Ọ̀rọ̀ àgbàdo tó ń pọ́n lágbègbè Ìsìn

Àgbẹ̀Ìsìn kọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn torí ó ti ń dà mí láàmú. Oko àgbàdo mi wà lọ́nà Òkè-Onígbìn ní Kwara níbí, ẹ̀gẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ lọ́dún yìí ni ewé àgbàdo ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀, àwọn kéékèèké tiẹ̀ ń ṣe pọ́pù létí ewé, wọn ò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ̀gẹ́ náà ń lọ́ ewé, ó ń ní àmì yẹ́lò káàkiri. Voice note kan wá ń lọ lórí WhatsApp, wọ́n ní òjò tó ń rọ̀ báyìí òjò ásíìdì ni, pé èéfín ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló fà á, pé kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan mọ́ lọ́dún yìí, pé ẹ̀fọ́ tí òjò bá pa ẹ má jẹ ẹ́. Àwọn ará ilé mi ti gbà á gbọ́, ìyàwó mi ò já ẹ̀fọ́ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́ kí la lè ṣe sí i? Owó ajílẹ̀ nìkan ti gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò fẹ́ kí ọdún yìí lọ báyẹn.

Mesujamba_Boy kọ:
Ẹ̀gbọ́n, èmi náà gbọ́ voice note yẹn o, mo sì rò pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ wá wo páànù wa n'Ìlọrin níbí, ẹ lọ sí Pákátà, ẹ lọ sí Òkè-Àpómú, gbogbo òrùlé ti di pupa fòò. Tí òjò bá lè ṣe irin báyẹn kí ni kò ní ṣe ewé?

Alfa_Tíṣà kọ:
Assalamu alaikum ẹ̀yin ará. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ l'Ọ́fà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òjò ásíìdì jẹ́ ká tó dá a lẹ́bi.

Èéfín tó bá ní imí-ọjọ́ nínú, bíi èéfín kóólù tí wọ́n ń wa nínú ilẹ̀, èéfín dísù, èéfín ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tó bá gòkè tó pò mọ́ omi inú ìkùukùu ó ń di ásíìdì. Èéfín mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ náà ní gáàsì nítírójìn kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ lè gbé e rìn ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ kó tó rọ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó rú èéfín àti ẹni tó jìyà rẹ̀ lè máà sí ní orílẹ̀-èdè kan náà. Ọkùnrin ará Scotland kan, Robert Angus Smith, ló kọ́kọ́ rí i lójú òjò Manchester ní 1852, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1872, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun.

pH ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó. Omi tó wà ní 7 ò kan rárá, bó ṣe ń dín ló ń kan sí i. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Omi tó wà ní 4 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà ní 5 lọ. Òjò tó mọ́ tónítóní gan-an máa ń wà ní nǹkan bíi 5.6 torí pé gáàsì kábọ́ọ̀nù tí à ń mí sóde ń yọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà òjò tí ò kan rárá ò wọ́pọ̀. Ìgbà tó bá wá já sí 4 àti díẹ̀ lọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀.

Àbúrò mi Mesujamba, páànù ò lè jẹ́ ẹ̀rí. Síńkì tí wọ́n fi bò ó tó bá ti tán, omi àti afẹ́fẹ́ lásán á sọ ọ́ di pupa. Ásíìdì máa ń mú kó yá, òótọ́ ni, àmọ́ páànù tó ti wà lórí ilé láti ayé bàbá wa á pọ́n dandan.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ kọ:
Alfa ẹ ṣeun. Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ṣé ká máa jẹ ẹ́? Àti omi òjò tí a gbè sílẹ̀ fún ìfọṣọ àti mímu.

Alfa_Tíṣà kọ:
Ìyá wa, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ yín. Òjò ásíìdì tó burú jù tí wọ́n sábà ń rí ní òkè òkun ò kan tó omi ọsàn tí à ń mu. Kì í jó ara, kì í sọ ẹ̀fọ́ di májèlé. Ìpalára tí òjò yẹn ń ṣe, inú ilẹ̀ àti inú odò ló ti ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún gbọọrọ. Omi mímu ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, eruku orí páànù àti ìgbẹ́ ẹyẹ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé ike síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sè é.

Ìgbómìnà_Dresden kọ:
Mo kí gbogbo yín láti Jámánì. Ọmọ Òró ni mí, mo ń gbé nítòsí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Erzgebirge, ààlà Jámánì àti Czech. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí torí pé ibi tí òjò ásíìdì ti ṣe ọṣẹ́ gidi nìyí. Láyé ìjọba Kọ́múníìsì kóólù búráùn ni wọ́n ń jó fún iná mànàmáná, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, kò sì sí ohun tó ń sẹ́ èéfín. Gbogbo orí òkè igi kú. Kì í ṣe igi kan méjì o, igbó odidi, igi dúró gbọnrangandan láìní ewé. Agbègbè yẹn tó kan Jámánì, Czech àti Poland ni wọ́n ń pè ní Igun Mẹ́ta Dúdú. Àwọn àgbà tí mo bá níbí ṣì ń sọ bí òórùn imí-ọjọ́ ṣe máa ń wọlé bá wọn nígbà òtútù.

Ohun tó yí i padà, òfin ni. Jámánì ìwọ̀-oòrùn ṣòfin ní 1983 pé ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá kankan ò gbọdọ̀ tú èéfín sílẹ̀ láì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Omi tí wọ́n po òkúta ẹfun lílọ̀ mọ́ ni wọ́n ń fọ́n sínú èéfín náà, imí-ọjọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á di gípúsọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń fi gípúsọ́ọ̀mù yẹn ṣe pákó sílíìnì. Lẹ́yìn tí Jámánì di ọ̀kan, ìlà-oòrùn náà tẹ̀lé e. Wọ́n tún ń gbé hẹlikópítà lọ da láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun lílọ̀ tó ń paná ásíìdì, sórí igbó kí ilẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, títí di báyìí wọ́n ṣì ń ṣe é níhìn-ín. Igi ti padà hù. Àmọ́ ilẹ̀ ò tíì gbàgbé, ásíìdì tó wọ inú rẹ̀ nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Mesujamba_Boy kọ:
Hẹlikópítà kẹ̀! Ìjọba tó fẹ́ràn igi rèé.

ÒmùÀrán_Káńbíà kọ:
Ní Kánádà náà ìlú kan wà tó ń jẹ́ Sudbury, níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, èéfín ti pa gbogbo ewéko yí ìlú ká, òkúta dúdú lásán ló kù. Láti 1978 ni àwọn ará ìlú àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ da láìmù sílẹ̀, tí wọ́n ń gbin igi tẹ̀lé e, igi tí wọ́n ti gbìn ti lé ní mílíọ̀nù 10. Ìgbà tí wọ́n sì dín èéfín kù nìkan ni igi náà tó lè dúró. Ẹni tó bá ń gbin igi sábẹ́ èéfín kan náà, asán ló ń ṣe.

Àgbẹ̀Ìsìn kọ:
Mo dúpẹ́ o, àmọ́ àwa ò ní kóólù níbí, kò sí ilé-iṣẹ́ irin kankan tó súnmọ́ oko mi. Kí wá ni ti àgbàdo mi?

Àǹtí_Ilẹ̀ kọ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín kí n tó sọ̀rọ̀. Ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń fi yúríà sí ilẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ máa ń da ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ síbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá kórè tán, kí lẹ ń fi pòròpórò ṣe?

Àgbẹ̀Ìsìn kọ:
Ilẹ̀ bàbá mi ni. Láti ìgbà tí mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn yúríà ni ṣáá lọ́dọọdún, ìgbà míì tí yúríà bá wọ́n mo máa ń ra ajílẹ̀ funfun kan tó dà bíi ṣúgà, súfétì ni wọ́n ń pè é. Ìgbẹ́ ẹran rárá. Pòròpórò, màlúù á jẹ nínú rẹ̀, èyí tó kù a dáná sun ún kí ilẹ̀ lè mọ́.

Àǹtí_Ilẹ̀ kọ:
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀. Ìmọ̀ ilẹ̀ ni mo kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, oko Ìgbómìnà sì ni mo ti dàgbà.

Yúríà tẹ́ ẹ dà sílẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ ló ń yí i padà di oúnjẹ tí àgbàdo lè fà, bí wọ́n ṣe ń yí i padà yẹn ni ásíìdì ń jáde sínú ilẹ̀. Òjò á wá ṣàn án wọ ìsàlẹ̀, kálísíọ̀mù àti magnesium ilẹ̀ á sì bá a lọ. Èyí tó ṣẹ́kù, àgbàdo á gbé e, ẹ̀yin á kórè rẹ̀, màlúù á jẹ pòròpórò lọ. Nǹkan ń jáde ṣáá, kò sí ohun tó ń wọlé. Súfétì yẹn tún burú jù, tá a bá wò ó lórí nítírójìn kan náà tó wà nínú wọn, kìlógíráàmù kan láti inú yúríà ń fẹ́ láìmù tó tó 1.8 kìlógíráàmù láti paná ásíìdì tó dá sílẹ̀, ti súfétì ń fẹ́ 5.4. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Ní Samaru lẹ́bàá Zaria oko ìwádìí kan wà tí wọ́n ti ń gbìn láti 1950, ibi tí wọ́n ti ń lo ajílẹ̀ òyìnbó nìkan láì fi ìgbẹ́ ẹran kún un, ilẹ̀ ibẹ̀ kan gan-an. Ilẹ̀ tiwa ní gúúsù Kwara láti ara àpáta ló ti wá, iyanrìn pọ̀ lójú rẹ̀, kálísíọ̀mù tó lè fi bá ásíìdì jà ò pọ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí pH ilẹ̀ bá wá jábọ́ sísàlẹ̀ 5.5 tó ń lọ sí 5, alumíníọ̀mù tó ti sùn sínú erùpẹ̀ á yọ́, á sì máa jẹ orí gbòǹgbò. Gbòǹgbò á kúrú, á nípọn bíi kùkùté, kò ní lè wá omi àti oúnjẹ lọ. Phosphorus, oúnjẹ irúgbìn míì, náà á há sínú ilẹ̀, àgbàdo ò ní rí i fà, ìgbà yẹn ni ewé kékeré ń ṣe pọ́pù tí ẹ rí yẹn. Èyí tó ń pọ́n láti ìsàlẹ̀, ebi nítírójìn ni, torí gbòǹgbò tó kúrú ò lè mú yúríà tẹ́ ẹ dà kí òjò tó gbé e lọ. Ẹ fa igi àgbàdo kan tu kẹ́ ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀.

Ohun kan náà tó pa igi Jámánì tí ẹ̀gbọ́n Dresden sọ nìyí, kálísíọ̀mù tó ṣàn lọ àti alumíníọ̀mù tó jẹ gbòǹgbò. Ní tiwọn òjò ló gbé ásíìdì wá láti òkè. Ní tiwa, inú àpò ajílẹ̀ ló ti ń wá jù, àwa la fi ọwọ́ ara wa gbé e wọ oko.

Ti pé òjò fúnra rẹ̀ ló ń jó ewé, Amẹ́ríkà ná owó lórí ìbéèrè yẹn láti 1980 sí 1990, ìwádìí ọdún mẹ́wàá, wọn ò rí i pé òjò ásíìdì bó ṣe ń rọ̀ lọ́hùn-ún ń dín ìkórè irúgbìn oko kù. Ìgbà tí wọ́n bá fi omi tó kan ju òjò wọn lọ dáadáa, bíi pH 3, wọ́n ewé ni àmì ń jáde. Igbó orí òkè ló jìyà, torí lọ́dọ̀ wọn kò sẹ́ni tó ń da láìmù sí igbó bí àgbẹ̀ ṣe ń da á sí oko.

Ẹ̀gẹ́ yín kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, mósáíìkì nìyẹn, àrùn ni, eṣinṣin funfun kékeré abẹ́ ewé ló ń gbé e kiri, igi ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ gé gbìn náà sì lè ti ní i tẹ́lẹ̀. Ẹ má gé igi gbìn láti ibẹ̀ mọ́. IITA, ilé ìwádìí irúgbìn tó wà n'Ìbàdàn, ní irú ẹ̀gẹ́ tó lè gbà á mọ́ra, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ADP, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́ kọ:
Ọlọ́run á bù kún ọ ọmọ mi. Ọdọọdún ni ti èmi náà ń ṣe báyìí tí mo sì ń rò pé yúríà ò tó, mo ń bù kún un.

Bàbá_Ìgbàjà kọ:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tẹ́ ẹ bá jáde ní Ìgbàjà igi irúgbá àti igi èmí tí à ń rí òrí nínú èso rẹ̀ ló máa kí yín káàbọ̀, ayìn wà, ìrókò wà lẹ́bàá odò. Ẹnìkan lórí rédíò ní òjò ásíìdì ló ń pa igbó wa. Inú bí mi. Ẹ lọ sójú títì nírọ̀lẹ́, ẹ ka tírélà tó ń kó èédú lọ. Igi tó gba ọdún gbọọrọ kó tó so, wọ́n á gé e, wọ́n á sun ún, wọ́n á dì í sí àpò. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ àáké kan òjò. Iná ìgbà ọyẹ́ tún ń jó àwọn ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Mesujamba_Boy kọ:
Bàbá, ẹ kú ọdún, ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Àmọ́ Àǹtí, ẹ ò sọ pé kò sí ásíìdì kankan nínú òjò wa o. Ládùúgbò wa, tí iná bá lọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tan jẹnẹrétọ̀, tírélà tó ń lọ sí Jẹ́bà èéfín dúdú kìjikìji. Ṣé gbogbo ìyẹn kàn ń pòórá ni?

Alfa_Tíṣà kọ:
Kì í pòórá, ìbéèrè rẹ dára. Àwọn onímọ̀ kan ti ń gba òjò sílẹ̀ wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún ní oríṣiríṣi ibi ní Áfíríkà, Djougou ní Bẹ̀nẹ̀ tó bá wa pààlà wà lára wọn. Òjò ibẹ̀ kan díẹ̀ ju 5.6 tí mo sọ lọ. Ní orílẹ̀-èdè Niger lókè, òjò ò kan bẹ́ẹ̀ torí eruku tó ń ti Sàhárà wá, kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ó ń paná ásíìdì. Ọyẹ́ tí à ń ráhùn sí yẹn ń ṣe wá lóore kan. Tó bá di inú igbó Kamẹrúùnù lọ́hùn-ún, òjò tún kan sí i. Èéfín igbó jíjó sì wà lára ohun tó ń mú òjò ilẹ̀ wa kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná tí bàbá sọ kan òjò náà.

Ti dísù, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Nàìjíríà gba 3000 nínú mílíọ̀nù láàyè fún ìgbà pípẹ́. Ní 2020 àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé kó má ju 50 lọ mọ́. Òfin yẹn ló yẹ ká máa bi àwọn aṣojú wa léèrè, ta ló ń wọn èyí tó ń wọlé, ta ló ń wọn èyí tí àwọn èèyàn ń sè nínú igbó. Ní Amẹ́ríkà òfin 1990 ló mú kí imí-ọjọ́ èéfín ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná wọn dín ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó ṣeé ṣe.

Ẹni tó bá lè ra sólà kó rà á. Ẹni tí ò bá lè rà á kó máa sáfíìsì jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ déédéé.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS2 kọ:
Alfa ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè wọn òjò fúnra wa?

Alfa_Tíṣà kọ:
Gbé abọ́ ike tó mọ́ sí gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Má lo òjò ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nìkan, eruku pọ̀ nínú rẹ̀, gba ti òjò náà látòkè délẹ̀. Ra pH pépà tó ní àwọ̀ púpọ̀, lítímọ́sì lásán ò ní tó. Kó o fi mọ ìdí ọ̀rọ̀, rẹ òdòdó iṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò sínú omi gbígbóná, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú díẹ̀, á pupa yòò, bu omi eérú sínú òmíràn, á yí padà sí àwọ̀ ewé. Kò lè sọ nọ́ńbà fún ọ, àmọ́ wàá fi ojú ara rẹ rí ohun tó ń jẹ́ ásíìdì àti ohun tó ń paná rẹ̀.

Àgbẹ̀Ìsìn kọ:
Mo fa àgbàdo kan tu lánàá. Gbòǹgbò náà kúrú lóòótọ́, ó rí kúnkúndú. Àǹtí, kí n ṣe kí ni báyìí? Láìmù dà?

Àǹtí_Ilẹ̀ kọ:
Tẹ́sìtì ilẹ̀ ni àkọ́kọ́, ẹ ò gbọdọ̀ da nǹkan kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ rìn lọ́nà wọ́gọwọ̀gọ yí oko ká, ẹ wa erùpẹ̀ láti bíi ojú ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀ nínú báàkẹ́tì ike, ẹ sá a síbòji, ẹ bu bíi ìdajì kìlógíráàmù lọ. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìlọrin, tàbí Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán tó súnmọ́ yín. Iye láìmù tí ilẹ̀ yín ń fẹ́, èsì yẹn ló máa sọ ọ́. Ẹni tó bá dárúkọ iye àpò fún yín láì rí èsì, ẹ má dá a lóhùn.

Láìmù oko, òkúta mábù lílọ̀ ni. Òkúta náà wà n'Ígbẹ́tì, ó wà ní Jákúrà ní Kogí, ti Ígbẹ́tì tún ní magnesium nínú. Owó ọkọ̀ ló máa ń pa á, nítorí náà ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ jọ rà á. Tí kò bá sí, eérú. Eérú ilé ìdáná, ti àwọn tó ń ṣe gàrí, ti àwọn tó ń sè irú, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ kó o pamọ́ síbi tí òjò ò ti ní rọ̀ sí i. Ẹ da á bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú gbígbìn, ẹ rò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má da á pọ̀ mọ́ yúríà lọ́jọ́ kan náà o! Nítírójìn inú yúríà á fò lọ sínú afẹ́fẹ́, òórùn tó ń tani nímú tẹ́ ẹ máa gbọ́ yẹn, owó yín ló ń lọ.

Ìgbẹ́ adìyẹ náà dára gan-an, ó ń bọ́ ilẹ̀, kálísíọ̀mù sì wà nínú rẹ̀. Súfétì yẹn, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Yúríà ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Pòròpórò ẹ má sun ún mọ́, ẹ bá àwọn Fúlàní sọ̀rọ̀ kí màlúù wọn sùn lóko yín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bàbá mi ń ṣe é nígbà náà, ìgbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ilẹ̀ fi ń lágbára.

Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́dún yìí, láìmù ò lè gbà á sílẹ̀ mọ́. Ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kórè ohun tó bá jáde. Ìyàwó yín kó já ẹ̀fọ́.

Àgbẹ̀Ìsìn kọ:
Mo ti gbọ́, mà á wa erùpẹ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí in shā Allāh. Mo ní ọ̀pẹ̀-òyìnbó díẹ̀ lápá kan, ṣé kí n da eérú sí òun náà?

Àǹtí_Ilẹ̀ kọ:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó fẹ́ràn ilẹ̀ tó kan, 4.5 sí 5.5 ló bá a lára mu. Ẹ wa erùpẹ̀ apá ibẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ ti àgbàdo. Ẹ̀gẹ́ náà lè fara da ilẹ̀ tó kan dáadáa. Eérú tó bá wà lọ́wọ́ yín, àgbàdo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún, àti sóyà tẹ́ ẹ bá máa gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀.